Owó Ilé Kì í Ṣe Owó Ìlú

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Chris Ngige, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n Channels pé bí àwọn dókítà ṣe ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ kò ba òun lẹ́rù. Ó ní dókítà pọ̀ nílẹ̀ ju èyí tí a nílò lọ. Ó tún ní àwọn tó bá lọ ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sílé, èrè sì ni fún wa. Dókítà ni òun náà o. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ènìyàn nínú gidigidi. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbínú yẹn dá lé ló ń dùn mí títí dòní: ọ̀rọ̀ pé dókítà pọ̀ jù ni gbogbo wa dojú ìjà kọ. Ọ̀rọ̀ kejì, pé owó tí àwọn tó lọ ń fi ránṣẹ́ jẹ́ èrè fún orílẹ̀-èdè, kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, nítorí pé àwa náà gbà á gbọ́.

Ní Onírèké níbí, ní Ìbàdàn, ìgbàgbọ́ náà ti wọ̀ wá lára. Wọ́n wó ilé àtijọ́ tó ti wà láti ayé àwọn amúnisìn, tó ní ọgbà gbàràmù-gbaramu àti igi máńgòrò, wọ́n kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ náà. Ẹ bá bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì, yóò ní ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló ni ín. Ìyá àgbà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ọmọ tó wà ní Manchester ló ń san án. Iná sólà, kànga ẹ̀rọ, owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí ojú ń rí nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí a bá ti ibẹ̀ fò sókè ni irọ́ ń wọlé, tí a ní bí owó náà bá ń gbé ilé ró báyìí, òun náà ló ń gbé Nàìjíríà ró. Pé kí àwọn ọmọ máa jápa lọ, kí dọ́là máa wọlé. Pé ọmọ ènìyàn ti di epo rọ̀bì wa tuntun.

Èmi kò gbà. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, owó ìyá rẹ̀ ni. Kò di owó ìlú rí, kò sì lè ṣe iṣẹ́ owó ìlú láéláé. Ìjọba tó bá ń kà á mọ́ àṣeyọrí ara rẹ̀ ń fi òógùn olóòógùn bo iṣẹ́ tí òun kò ṣe mọ́lẹ̀.

N kò bá àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ jà, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ òru ni púpọ̀ nínú owó náà ti ń wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé arúgbó alárúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta òru nínú òtútù ló ti ń wá, ẹni tí ìjọba Ìlú Ọba ti kọ́kọ́ yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀ kó tó kàn án lọ́wọ́, tó yọ owó ilé àti owó ọkọ̀, tó wá fi ìyókù ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé àìmọye ọmọ ni kò ní parí ìwé mẹ́wàá láìsí owó yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Ìdí gan-an tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára nìyẹn: owó tó níyì tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí òṣèlú yóò máa fi yangàn.

Ẹ wo irú ìṣirò tí wọ́n fi ń tàn wá. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ PwC gbé ìwé kan jáde tó sọ pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé ní ọdún 2018 tó ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ lọ́dún náà, pé ó tó ìlọ́po 11 owó tí àwọn olókòwò ilẹ̀ òkèèrè mú wọlé wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì Àgbáyé ní iye owó náà lé ní bílíọ̀nù 24 dọ́là lọ́dún yẹn. Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun tí wọn kò ti ń ka iye wọ̀nyí bí oríkì. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń wọn owó ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣúná ìjọba? Inú àpò kan ni owó ìṣúná ń wọ̀, wọ́n sì lè fi í ṣe ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn. Owó tí mo ń sọ yìí pín sí àpò àìmọye ènìyàn, ogún ẹgbẹ̀rún níbí, àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lọ́hùn-ún, kò sì sí ìyá tó lè yọ nínú tirẹ̀ láti gba tíṣà síṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀.

A mọ bí owó ìlú ti ń rí ní Ìbàdàn, nítorí ó wà níwájú wa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti Onírèké lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ gbójú sókè: Cocoa House ló dúró níbẹ̀ láti ọdún 1965, alájà 26, owó kòkó ló kọ́ ọ. Owó kòkó yẹn kò bọ́ sí àpò àgbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Àjọ tó ń ra irè oko fún ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye kan, ó ń tà á fún òyìnbó ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá ṣẹ́kù sì di ti ìlú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Pápá ìṣeré Liberty parí ní 1960. Àgbẹ̀ sanwó rẹ̀, ó sì dùn wọ́n. N kò ní pé kò dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó ìlú ni, wọ́n lè bi ìjọba léèrè. Nígbà tí ìfura wà pé àwọn aláṣẹ ti ṣe owó náà báṣubàṣu, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker jókòó ní ọdún 1962, ó pe àwọn èèyàn ńlá síwájú, ó ní kí wọ́n wá sọ ibi tí owó gbà. Ta ni a ó pè síwájú ìgbìmọ̀ lórí owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? Ẹ̀tọ́ ta ni láti béèrè? Kò sí. Bí kò bá sì sí ẹni tó lè béèrè bí ìjọba ṣe ná an, a jẹ́ pé ìjọba kò ní in.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé owó náà lójú ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń pariwo rẹ̀ kì í dé. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní Manchester fẹ́ fi 300 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Onírèké. Ní Bódìjà, bàbá kan ń wá pọ́n-ùn láti fi kún owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ní Leeds. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó lè máa jókòó ní Sábó, ó lè máa gbé ní Peckham, ó sì lè jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì san 300 pọ́n-ùn sínú àkáǹtì kan lọ́hùn-ún. Bàbá Bódìjà san náírà sínú àkáǹtì kan níbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, álẹ́ẹ̀tì ti dún lórí fóònù ìyá, owó ilé ìwé ní Leeds náà ti wọlé, ẹni tó ń ṣẹ́ owó ti jẹ èrè tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè nínú wọn. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn yẹn kò kúrò ní Ìlú Ọba rárá. Náírà tí ìyá gbà ti wà ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀. Bódìjà ló ti ṣí wá sí Onírèké. Nàìjíríà kò fi pọ́n-ùn kan ṣoṣo lówó ju bó ṣe wà ní àárọ̀ lọ. Iṣẹ́ òru nọ́ọ̀sì kan ló san owó ilé ìwé ọmọ mìíràn, tó ṣeé ṣe kí òun náà má padà wá mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí kò bá sí pọ́n-ùn nọ́ọ̀sì yẹn, ọ̀dọ̀ báńkì ni bàbá ìyẹn ìbá ti lọ wá tirẹ̀, pé a ti gba báńkì àpapọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó kan. Òótọ́ ni. Mo gbà á fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a gbà: owó àwọn tó ti lọ ló ń san owó ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ wá lọ. Orílẹ̀-èdè tó bá pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè ti sọ èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ fún wa.

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé owó náà kì í gba ọwọ́ òun. Nígbà tí oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ń parí lọ, báńkì àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn tí wọ́n fi dọ́là ránṣẹ́ sí máa gba dọ́là náà lówó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n tún ní àwọn yóò máa fi náírà márùn-ún ta ẹni tó bá gba dọ́là kan lọ́nà tó bófin mu lọ́rẹ. Náírà márùn-ún, nígbà tí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ní báńkì àti iye rẹ̀ ní ọjà fi ju àádọ́ta náírà lọ síra wọn! Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n yí i padà, wọ́n ní náírà nìkan ni kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ni fi owó ránṣẹ́ máa san. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, báńkì àpapọ̀ kéde pé owó tó gba ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí wọlé tó mílíọ̀nù 553 dọ́là, ó sì ju ìlọ́po méjì ti oṣù Keje ọdún tó ṣáájú lọ. Wọ́n yọ̀. Ká ní gbogbo oṣù inú ọdún ló dára tó oṣù tí wọ́n yọ̀ lé lórí yẹn, bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ni yóò jẹ́. Báńkì Àgbáyé ní ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní 2023 tó bílíọ̀nù 19.5. Níbo ni ìyókù wà? Ó wà ní Manchester, ó wà ní Leeds, ó wà ní Guangzhou níbi tí oníṣòwò ti fi ra ọjà.

Èyí tó bá tilẹ̀ wọlé, kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́lé fún ìyá rẹ̀ ní Àkọ́bọ̀ ń ra táìlì tó ti òkèèrè wá, sólà tó ti Ṣáínà wá, wáyà àti ẹ̀rọ amúlétutù tí a kò ṣe níbí. Owó tó gba orí omi wá tún gba orí omi padà. Ohun tí a kò lè rà wá láti òkèèrè, bí ilẹ̀, bí owó ilé, bí iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà, òun ló ń gbówó lórí láàárín wa. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní Dùgbẹ̀ tàbí akọ̀wé kékeré ní sẹkitéríàtì Agodi, kò dá pọ́n-ùn mọ̀ rí, ṣùgbọ́n onílé ń fi ojú pọ́n-ùn wo yàrá tó fẹ́ gbà. Àwọn tó kàwé lórí ọrọ̀ ajé ti mọ àìsàn yìí tipẹ́, wọ́n sì rí i lórí owó epo náà. A kàn ń gbàgbé pé ó ń ran owó ẹbí.

Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà já bọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ló ní àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ti jèrè. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Ìyá gba náírà tó pọ̀, ìrẹsì jẹ ẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ọmọ níbì kankan san owó ìrẹsì kan náà.

Aládùúgbò yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń yin owó yìí rántí. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹni tí yóò fi ránṣẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló lè rí owó ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ sí Ìlú Ọba yóò san 776 pọ́n-ùn fún ìtọ́jú ara fún ọdún kan kí wọ́n tó fún un ní físà. A kò tíì dé orí owó físà fúnra rẹ̀, owó ilé ìwé àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Bí a bá ṣẹ́ pọ́n-ùn kan ní 2,000 náírà, iye yẹn nìkan lé ní owó oṣù 19 fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń gba 80,000 náírà tó kéré jù. Ilé tó ti ní ilẹ̀ láti tà ló ń rán ọmọ lọ. Ilé tó ti ní tẹ́lẹ̀ ni owó ń padà sí. Bẹ́ẹ̀, owó gbogbo wa la fi kọ́ dókítà tó lọ. Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ti lọ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí a fi ń kọ́ ọ̀kan lé ní 21,000 dọ́là. Àgbẹ̀ ará Ìgbòọrà san nínú owó yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbé e wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, tí kò sì rí dókítà tó pọ̀ tó láti wò ó, wọn kò ní fún un lára ohun tí dókítà náà fi ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀. Tí Ngige bá pe ìyẹn ní èrè, kó sọ fún wa ẹni tó jẹ ẹ́.

Ní Gbági àtijọ́, lẹ́bàá Dùgbẹ̀, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Lebanon Street. Gbogbo ará Ìbàdàn tó dàgbà ló ti ra aṣọ níbẹ̀ rí. Àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀lé ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ra irè, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé wọn. Ìyẹn ni pé àwa fúnra wa ti wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìlú wa ni ìlú òyìnbó tiwọn. Díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó fi ọmọ ránṣẹ́ bíi Lẹ́bánónì, wọ́n sì máa ń sọ pé ọmọ wọn tó wà níta pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Owó tí wọ́n ń rí gbà lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pa wọlé. Bí ohun tí wọ́n ń sọ fún wa bá jẹ́ òótọ́, Lẹ́bánónì ló yẹ kó jẹ́ párádísè.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn? Láti 1997, ìjọba wọn de owó pọ́n-ùn tiwọn mọ́ dọ́là, 1,507 àti ààbọ̀ sí dọ́là kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún nítorí pé dọ́là àwọn ọmọ tó wà níta kò dáwọ́ dúró. Àwọn báńkì fi èlé ńlá fa owó wọn mọ́ra, wọ́n yá ìjọba, ìjọba jẹ ẹ́. Iná mànàmáná kò dúró, pàǹtírí kún ìgboro Beirut, àwọn ènìyàn ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ra omi, ọmọ tó wà níta san án, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ìjọba tún nǹkan kan ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn báńkì tilẹ̀kùn. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún tajà ní Áfíríkà, tó kó owó rẹ̀ pamọ́ sí báńkì ìlú rẹ̀, kò rí i gbà mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ní òun kò lè san gbèsè. Báńkì Àgbáyé sọ ní 2021 pé ó ṣeé ṣe kí ìparun ọrọ̀ ajé náà wà lára mẹ́ta tó burú jù lọ láyé láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kọ́ ló ba Lẹ́bánónì jẹ́, àwọn olórí rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n owó náà ló jẹ́ kí wọ́n rí àyè bà á jẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú kí àwọn báńkì náà tó tilẹ̀kùn, ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Ralph Chami àti àwọn mẹ́ta mìíràn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àjọ IMF pé Lẹ́bánónì wà nínú pàkúté yìí: bí ẹbí bá ti ń fi owó tó ti òkèèrè wá ra ohun tó yẹ kí ìjọba pèsè, wọn kì í bi ìjọba léèrè mọ́, ìjọba náà a sì gbàgbé wọn.

Àwọn tó bá rò pé odò yìí kò lè gbẹ, kí wọ́n lọ béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìníṣà, ní Ṣakí. Àwọn ará ibẹ̀ ló kún ọjà Gáná láti Kumasi títí dé Tamale, owó Gáná ló sì kọ́ púpọ̀ nínú ilé alájà tó wà ní ìlú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn tó ti ń fi owó ránṣẹ́ wá di ẹni tí ẹbí ń wá ibi fi sí. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gáná ní 1983. Lónìí, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lò, ìwé òfin ni wọ́n fi ń ṣe é: láti oṣù Kẹta ọdún 2024, Ìlú Ọba kò gbà kí àwọn tó wá tọ́jú arúgbó mú ìyàwó àti ọmọ wá mọ́, ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun tó ń ti òkèèrè bọ̀. Amẹ́ríkà fi owó orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí ènìyàn bá kó lówó láti fi ránṣẹ́ sókè òkun, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2026. Ní 2020, ọdún Kòrónà, Báńkì Àgbáyé ní ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa já wálẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 23.8 sí 17.2. Ta ni nínú wa ló dìbò lórí ìkankan nínú ìwọ̀nyí? Orílẹ̀-èdè tó bá gbé ara lé owó yìí ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London àti Washington.

Ọdún 1969 yẹn kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn, tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, jà nítorí owó orí. Wọ́n ní àwọn ń sanwó, àwọn kò rí ọ̀nà, àwọn kò rí omi, wọn yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, a kò lè fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba dín owó orí náà kù, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ òun ti ń wá. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa láìpẹ́ yìí. Láti ìparí ọdún 2024 wọ oṣù Kejì ọdún 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí UCH fi wà láìní iná mànàmáná nítorí àríyànjiyàn lórí gbèsè owó iná. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ̀hónú hàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn. Àwa tó kù ńkọ́? Onírèké kò dìde, Bódìjà kò dìde. Ẹni tó ní ọmọ níta gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ó sì fi dọ́là rẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò bá a wí. Èmi náà ìbá gbé ìyá mi kúrò níbẹ̀. Àwọn tí iná náà jẹ́ ojúṣe wọn ni mo ń bá wí, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ lè dé etí wọn ti rí ibòmíràn gbà.

Àwọn kan máa ń sọ pé mo ń bá ohun tí kò tọ́ jà, pé ìlò ni owó náà ti bàjẹ́: bí àwọn ẹbí kò bá fi kọ́lé, tí wọn kò fi ra aṣọ ẹbí, tí wọ́n fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni, Nàìjíríà ìbá ti dára. Ìwàásù yìí bí mi nínú ju ti Ngige lọ, nítorí ó ń gbé ẹ̀bi fún aláìṣẹ̀. Òrùlé tí kò jò lórí ìyá kì í ṣe ìfowóṣòfò. Ìsìnkú bàbá kì í ṣe ìfowóṣòfò. Ẹ ní kí olùtọ́jú arúgbó kan ní Manchester fi ohun tó ṣẹ́kù nínú owó oṣù rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ring Road, níbi tí yóò ti ra díẹ́sẹ̀lì, tí yóò gbẹ́ kànga ara rẹ̀, tí yóò san owó fún ìjọba ìpínlẹ̀, fún ìjọba ìbílẹ̀, fún àwọn ọmọ ìta, tí kò sì ní sí nílé láti mójú tó o. Ẹni tó ní ilé ìfowópamọ́ àti ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ṣe é, ẹ wá ní kí nọ́ọ̀sì fi owó oògùn ìyá rẹ̀ gbìyànjú.

Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe àwọn ará òkè òkun ní oore kan, owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lè fi ránṣẹ́ ni kó bá wọn dín kù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ pé kó tó di 2030, kò yẹ kó ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó ṣì ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kò sì gba kí ó ka owó ẹnikẹ́ni.

Bó bá sì jẹ́ pé owó wọn gan-an ló fẹ́, ó mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ta ìwé ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 300 dọ́là tó ṣe fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, ọdún márùn-ún, èlé ìdá 5.625 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó san án padà. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ níbẹ̀ gba ìwé, ó mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò san án, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́ bí wọn kò bá san án. Níbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ owó ti lè wà láàárín ìjọba Nàìjíríà àti ọmọ rẹ̀ tó jápa: kí ìjọba yá a, kí ó san èlé, kí ó sì sọ ohun tó fi ṣe.